Owó Ẹṣin Ọmọdé

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa bọ̀, wọ́n ní òótọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Ẹni tí ó bá ti pẹ́ nídìí káràkátà yóò jẹ́rìí sí i pé òwe náà kì í ṣe àsọdùn, nítorí pé ojoojúmọ́ ni à ń rí ẹni tí ó sọ àbùkù ọjà rẹ̀, tí àwọn oníbàárà sì fi í sílẹ̀ kọjá lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ̀ tí ó fi epo ra tirẹ̀ lójú kí ó lè máa dán. Síbẹ̀, ọjà kan wà tí kò yẹ kí á jẹ́ kí òwe yìí ṣẹ nídìí rẹ̀, ọjà náà sì ni ẹṣin kékeré tí àwọn ọmọdé ń gùn, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní pónì. Mo ta ọ̀kan ní ìletò tí a ń gbé ní ẹkùn Herefordshire, létí ààlà ilẹ̀ Wales, nígbà tí ọmọbìnrin mi dàgbà ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, ìdúnàádúrà tí ó sì wáyé lórí rẹ̀ fi ohun kan kún ìmọ̀ tí mo ti kó jọ láti ìgbà èwe mi, nígbà tí mo máa ń bá àwọn ìyá mi jókòó ti igbá ní Ọjà Ọba ní Ìlọrin, nípa ohun tí à ń pè ní iye tí ó tọ́.

Bí a bá dárúkọ ẹṣin fún ọmọ Yorùbá, ọlá ni ọkàn rẹ̀ máa ń lọ sí. Yóò rántí Ọ̀yọ́ Ilé, ilé Aláàfin, ikú bàbá yèyé, tí àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rù fún ará ìlú tí ó jìnnà réré. Yóò rántí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, tí àwọn ìdílé Balógun ń gun ẹṣin wọlé wá kí Awùjalẹ̀ pẹ̀lú ìlù àti ìbọn. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọ Ìlọrin bí tèmi, yóò rántí pé nínú oríkì ìlú wa, ẹṣin ni a fi dípò eégún. Ẹṣin kì í pẹ́ láyé ní apá ibi tí igbó wa ti dí, nítorí pé kòkòrò kan tí ó jọ eṣinṣin, tí í mu ẹ̀jẹ̀ ẹran, a máa kó àrùn ràn wọ́n. Láti òkè Ọya ni àwọn bàbá wa sì ti ń rà wọ́n wá ní iye gegere, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá so ẹṣin kan ṣoṣo mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ láwùjọ. Ta ni yóò wá ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́fà, àfi bí ọmọ náà bá jẹ́ ọmọ ọba?

Ní erékùṣù àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Oríṣiríṣi ẹ̀yà ẹṣin kékeré ni ó wà níbẹ̀, tí òjò, òtútù àti koríko ṣákálá orí òkè ti sọ di kúkúrú, alágbára, ọlọ́gbọ́n inú. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọn gíga wọn láti ilẹ̀ dé èjìká, ìwọ̀n ọwọ́ kan sì jẹ́ íǹṣì mẹ́rin; èyí tí kò bá ju ọwọ́ 14 àti íǹṣì méjì lọ ni wọ́n ń kà sí pónì. Ti orí òkè Wales, tí ẹgbẹ́ kan tí a dá sílẹ̀ ní 1901 ń tọ́jú ìwé ìran wọn, kì í ga ju ọwọ́ 12. Ti erékùṣù Shetland tún rẹlẹ̀ sí i, kò gbọdọ̀ ju íǹṣì 42. Nínú gbogbo ìtàn wọn, ọ̀kan wà tí kì í kúrò lọ́kàn mi: nígbà tí òfin ọdún 1842 ka iṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀ nínú kòtò èédú léèwọ̀ fún àwọn obìnrin àti àwọn ọmọkùnrin tí kò tó ọdún 10, àwọn ẹṣin Shetland wà lára àwọn tí a kó sọ̀kalẹ̀ sínú òkùnkùn náà láti máa fa ẹrù tí àwọn ọmọdé ń fà tẹ́lẹ̀. Ẹranko tí ó ti ru ìyà ọmọdé rí ni ó di ẹni tí ń ru ayọ̀ wọn lónìí.

Tiwa jẹ́ ti Wales, Conker ni ó ń jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kì í díẹ̀, nítorí pé ọmọ Ìlọrin kì í dárúkọ ẹṣin kí ó má kì í: Conker apọ́nbéporẹ́, onígọ̀gọ̀ dúdú, a-rí-ọkọ̀-akẹ́rù-má-sá, a-gbọ́-ìró-garawa-sáré-délé, a-kọ-omi-ẹrẹ̀-bí-ẹni-kọ-gbèsè. Ohun tí ó wà nínú oríkì yìí, òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, èyí tí ó yẹ ní yíyìn àti èyí tí kò yẹ. Ọkọ̀ tí ó tóbi jù lọ lè kọjá lára rẹ̀ lójú títì kí ó má ṣe ju etí. Alágbẹ̀dẹ tí í kan irin mọ́ pátákò rẹ̀ lè gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan kí ó máa tòògbé. Ṣùgbọ́n bí omi òjò tí ó dúró lójú ọ̀nà kò tilẹ̀ ju ìwọ̀n abọ́ ìfọwọ́ lọ, Conker yóò dúró gbagidi, yóò wò ó títí, yóò sì wá ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọmọdé tí kò bá sì mọ bí a ṣe ń di okùn ìjánu mú, ibi tí koríko bá ti tutù ni yóò gbé e lọ, yóò tẹ orí ba lójijì, ọmọ náà yóò sì yọ́ gba ọrùn rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wẹ́rẹ́.

Nígbà tí ẹsẹ̀ ọmọbìnrin mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kọjá ìsàlẹ̀ ikùn ẹṣin náà, a mọ̀ pé ìyapa ti dé. Wíwúwo ẹni tí ń gùn ún kò yẹ kó pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Bí a bá sì ní kí ó máa jẹ, kí ó máa sùn láìṣiṣẹ́, ewu ni èyí náà, nítorí pé koríko ìgbà ìrúwé tí adùn rẹ̀ pọ̀ a máa dá àrùn gbígbóná sí inú pátákò irú àwọn ẹṣin wọ̀nyí, àrùn tí ó lè sọ wọ́n di arọ. Ní ilẹ̀ yìí, ẹṣin ọmọdé lè lo ọdún 25 tàbí 30 láyé, láti ilé dé ilé ni ó sì ń lọ bí àwọn ọmọ ti ń dàgbà, tí ó fi jẹ́ pé alágbàtọ́ fún ìgbà díẹ̀ ni olúkúlùkù ẹni tí ó ní i. Mo sọ èyí fún ọmọbìnrin mi. Ó gbọ́, ó sì sunkún. Mo jẹ́ kí ó sunkún tán kí a tó dárúkọ owó.

Ìyá àgbàlagbà kan wà ní ìletò wa, tí ó ti sin ẹṣin kékeré láti ìgbà èwe rẹ̀. Òun ni mo tọ̀ lọ, nítorí pé ẹni tí ó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ó bi mí pé, “Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń tà?” Mo ní ẹṣin ni. Ó mi orí, ó ní, “Sùúrù ni ẹ ń tà, ẹṣin kàn ń ru ú ni.” Ó wá là á yé mi pé ní ọjà ẹṣin eré ìje, eré sísá àti ìran ni ó ń mú owó wá, ṣùgbọ́n ní ọjà ẹṣin ọmọdé, ọmọ ọdún mẹ́rin tí ó rẹwà tí a kò tíì kọ́ lè má tó ìdajì owó àgbàlagbà ẹṣin tí ó ti gbé oríṣiríṣi ọmọ, tí gbogbo wọn sì padà délé láyọ̀. Ó ní kí n kọ ìwà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣé ó ń dúró kí a mú un nínú pápá, ṣé ó ń wọ ọkọ̀ láìjà, ṣé ó ń dá jáde láìsí ẹṣin mìíràn níwájú rẹ̀, ṣé ó ń dákẹ́ bí ajá bá gbó. Ó la ẹnu Conker, ó fi ìlà tí í hàn lára eyín igun òkè hàn mí, èyí tí í yọ nígbà tí ẹṣin bá tó bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí í sì gùn dé ìsàlẹ̀ eyín nígbà tí ó bá súnmọ́ ogún; ó ní ọdún mẹ́rìnlá tí ó wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀ kò parọ́. Ó kìlọ̀ fún mi pẹ̀lú pé ìgbà ìrúwé ni owó ẹṣin ọmọdé máa ń gbéra, tí í sì í wálẹ̀ bí òtútù bá ń bọ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá rà á nígbà náà, koríko gbígbẹ ni yóò máa fi owó rà fún un títí òtútù yóò fi kọjá.

Pẹ̀lú gbogbo ìṣirò yìí, mo pe Conker ní £3,500, pẹ̀lú gàárì àti ìjánu rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Ìlọrin ni, ǹ bá pè é ní ìlọ́po méjì, nítorí pé oníbàárà tí kò bá rí ibi dín kò gbà pé òun nájà. Ní ibí, ẹni tí ń wá ẹṣin ti mọ ibi tí owó rẹ̀ dé. Bí a bá pè é jù, kò ní wá wò ó rárá. Mo kẹ́kọ̀ọ́ pé iye tí a bá pè gbọ́dọ̀ ní àyè díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tí a lè jókòó ṣàlàyé rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ọjà ná nítorí pé wọ́n ń lẹ iye mọ́ ara búrẹ́dì. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti ẹṣin, ọmọ ìyá ni wá. Ní ọjà ẹṣin Appleby, ní àríwá ilẹ̀ náà, níbi tí àwọn ẹ̀yà Romani àti àwọn arìnrìn-àjò mìíràn ń pé jọ sí ní oṣù kẹfà ọdún, ọwọ́ lílà ni ẹni tí ń tà àti ẹni tí ń rà fi ń dúnàádúrà: bí ọ̀kan ti ń dá iye lé e ni yóò máa la àtẹ́lẹwọ́ èkejì, títí ọwọ́ méjèèjì yóò fi dì mọ́ra tí ọ̀rọ̀ yóò sì parí. Ní Tattersalls, tí a dá sílẹ̀ ní 1766, gínì ni wọ́n ṣì fi ń ka owó ẹṣin ní gbàǹjo, ìyẹn pọ́ùn kan lé ṣílè kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gínì ti kúrò lọ́wọ́ ará ọjà tipẹ́tipẹ́. Ohun tí ó sì mú mi rẹ́rìn-ín jù ni pé wọ́n ní èènì: nígbà tí owó bá ti pé lọ́wọ́ ẹni tí ó tà, yóò yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ padà fún ẹni tí ó rà, kí oríire lè bá ẹṣin náà lọ.

Alájàpá ẹṣin kan ni ó kọ́kọ́ wá. Ó wo eyín, ó wo ẹsẹ̀, ó wọn gíga, ó sì na £2,600 sí mi lójú ẹsẹ̀. Èmi kò bínú sí i, nítorí pé ibi iṣẹ́ ẹni ni a ti ń jẹun, òun náà yóò sì fi ọkọ̀ gbé e, yóò bọ́ ọ, yóò sì máa wá oníbàárà kiri kí ó tó rí èrè. Ohun tí ó kọ mí lóminú ni pé kò bèèrè ìwà rẹ̀. Bí ó bá mú un lọ, gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa Conker yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà pápá wa, ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì ní gbọ́ ọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì yà.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni bàbá kan pè mí lórí tẹlifóònù láti ìlú ńlá, tí ó ní òun yóò san £3,500 láìdín kọ́bọ̀, nítorí pé ọjọ́ ìbí ọmọ òun ń bọ̀. Mo bi í bóyá ọmọ náà ti gun ẹṣin rí. Ó ní rárá o, ọmọ ọdún márùn-ún ni, kò sì gbọdọ̀ mọ̀ títí ọjọ́ náà yóò fi dé. Mo ní kí ó mú ọmọ náà wá gùn ún ná. Ó ní èyí yóò ba ayọ̀ òjijì náà jẹ́. Mo ní ọrùn ọmọ ju ayọ̀ òjijì lọ. Bí ó ti gbé tẹlifóònù sílẹ̀, ìyàwó mi, tí ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ilé ìdáná, jáde sí mi, ó ní, “Olówó orí mi, ṣé owó ni ó ṣẹ̀ yín ni?” Mo ní owó kò ṣẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn kò ní lè bá mi nájà. Ó rò ó wò, ó padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀, kò sì tún dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Ìdílé tí ó rà á níkẹyìn wá nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀: bàbá, ìyá, àti ọmọkùnrin ọdún mẹ́sàn-án kan tí a ti kọ́ ní ẹṣin gígùn, tí ó sì di okùn ìjánu mú láìfà. Kí a tó sọ̀rọ̀ owó rárá, mo ka àbùkù Conker fún wọn. Mo ní láti ìrúwé títí òtútù yóò fi dé, bí kòkòrò kéékèèké bá jẹ ẹ́, ara rẹ̀ yóò máa yún un, yóò máa fi gọ̀gọ̀ àti ìrù ha igi títí yóò fi bó, àfi kí a wọ aṣọ fún un. Mo ní àrùn pátákò ti ṣe é rí, a kò sì gbọdọ̀ tú u sílẹ̀ sórí koríko tí ó lọ́ràá. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi dandan mú ẹni tí kì í ṣe oníṣòwò láti máa ka irú nǹkan báyìí sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí òfin ọdún 1967 lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn ń bá wí ni ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀ fa ẹlòmíràn wọ inú àdéhùn. Nítorí náà, àyè wà láàárín ìdákẹ́jẹ́ àti irọ́, ènìyàn púpọ̀ sì ti kọ́ ilé sí àyè náà. Bí ó bá jẹ́ aago tàbí àga ni mo ń tà, bóyá èmi náà ì bá wọ̀ síbẹ̀ fún ọjọ́ kan.

Wọ́n rò ó, wọ́n sì dá £2,700 lé e. Wọ́n ní ara yíyún wà, àrùn pátákò wà, òtútù ń bọ̀, ẹṣin náà sì ti dàgbà. Èmi kò kọ ọ̀rọ̀ wọn lápapọ̀, n kò sì gbà á lápapọ̀. Mo pín in sí wẹ́wẹ́, nítorí pé bí a bá fi ẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun rẹ̀. Mo ní ara yíyún àti àrùn pátákò, òótọ́ ni, aṣọ àti ọgbà tí wọn yóò ṣe nítorí wọn yóò ná wọn lówó. Mo yọ £300 kúrò. Mo ní òtútù ń bọ̀, òótọ́ ni, bí mo bá dì í mú di ìgbà ìrúwé, èmi ni n ó máa ra koríko gbígbẹ; mo yọ £100. Ṣùgbọ́n mo ní ti ọjọ́ orí, n kò ní yọ kọ́bọ̀, nítorí pé ọjọ́ orí náà ni ó fi kọ́ sùúrù tí ẹ wá rà. Ìyá ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní £3,000. Mo ní £3,100 ni mo dúró lé, gàárì àti ìjánu sì ń bá a lọ. Ọkọ rẹ̀ na ọwọ́ sí mi.

Bí mo ti fẹ́ gba ọwọ́ náà ni ọmọbìnrin mi, tí ó jókòó sórí igi ọgbà, ké sí mi ní èdè Yorùbá pé, “Bàbá, ẹ ò tíì sọ ti omi fún wọn o!” Mo sọ ti omi fún wọn. Ọmọkùnrin náà ronú díẹ̀, ó ní nígbàkigbà tí àwọn bá dé ibi omi, òun yóò sọ̀kalẹ̀, òun yóò sì fà á kọjá. Ẹnikẹ́ni kò ní kí n tún dín owó nítorí èyí, a sì bọ ọwọ́.

Oníṣègùn ẹranko tí wọ́n gbà wá yẹ̀ ẹ́ wò kò jẹ́ ohunkóhun bọ́: ó gbọ́ ìró ọkàn rẹ̀, ó jẹ́ kí a sá a lọ sá a bọ̀, ó ní kí a gùn ún, ó jẹ́ kí ó sinmi, ó tún ní kí a sá a, ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí wọn yóò tọ́jú fún oṣù mẹ́fà, kí ẹnikẹ́ni má baà fi oògùn bo àìsàn mọ́lẹ̀. Nígbà tí ó gbé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, ó fi ìka tọ ìlà òrùka tí ó wà lára pátákò, ó ní àrùn kan ti kọjá níbí rí. Àwọn tí ń rà á wò mí, wọ́n sì mi orí, nítorí pé wọ́n ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́nu pátákò. Ká ní mo ti dákẹ́ ni, òrùka kékeré yẹn ì bá tú gbogbo ọjà náà ká, ì bá sì sọ ohun gbogbo tí mo ti sọ ní rere nípa Conker di ohun ìfura. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé owó tí mo yọ kúrò kì í ṣe òfò. Òun ni ó ra ìgbàgbọ́ tí wọ́n fi san ìyókù. Nígbà tí owó pé, mo fún wọn ní ìwé ìrìnnà rẹ̀ bí òfin ti wí, mo fi aṣọ tí a ń wọ̀ fún un ní ìgbà kòkòrò ṣe èènì, mo sì fi £20 lé ọmọkùnrin náà lọ́wọ́. Wọ́n ṣèlérí pé bí ó bá di ọjọ́ tí wọn yóò tà á, àwa ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún, bóyá a óò mọ ọmọ tí ó yẹ ẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá bi mí pé kí ni iye tí ó tọ́ fún ẹṣin ọmọdé, èmi kò ní dárúkọ iye kan, nítorí pé ọjọ́ orí, ìwà, ìlera àti ìgbà nínú ọdún ni yóò sọ ọ́. Ohun tí n ó wí ni pé kí ó sọ àbùkù kí ó tó sọ owó. Kí ó mọ ìdí iye tí ó pè. Kí ó dín in fún ìdí tí ó jẹ́ òótọ́, kí ó má sì dín in fún ìdí tí kò jẹ́ òótọ́. Kí ó sì bèèrè ẹni tí yóò gùn ún kí ó tó bèèrè ẹni tí yóò sanwó. Nínú ọjà yòókù, ẹni tí ó rà ni í jẹ ìyà ohun tí a kò sọ fún un, àgbàlagbà sì ni, ó ní ẹnu láti fi jà. Nínú ọjà ẹṣin ọmọdé, ẹni tí yóò san owó ohun tí a kò sọ kò tíì dàgbà tó ẹni tí í nájà, nítorí náà ni ó fi di dandan fún ẹni tí ń tà á láti máa bá a ná an.